Mojísọ́lá Ló Ń Tan Tọ́ọ̀ṣì Fún Un

Ẹ má bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ gbogbo ẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ ṣáà bá mi kà á, kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, tàbí kí ẹ kúkú dá a lẹ́bi, ó tọ́ sí i.

Sùlè lorúkọ ẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni. Ìwé girama tó ń kà, àárín ọ̀nà ló ti já a jù sílẹ̀, tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Tìjání ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Áyọ́ọ̀nù, sítóòfù oníná, híítà tó ń gbé omi kaná nínú balùwẹ̀ àwọn olówó, gbogbo nǹkan tó bá ti ń gbóná, àwọn ló ń tún un ṣe. Sùlè ti fẹ́ẹ̀ parí. Ọdún Iléyá tó ń bọ̀ lọ̀gá ẹ̀ fẹ́ gbàdúrà fún un, kó fún un ní fúrídọ̀mù, kóun náà lọ dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Ìyá ẹ̀ ti ra aṣọ tó máa wọ̀ lọ́jọ́ náà pamọ́ sínú àpótí.

Bó ṣe wà nìyẹn tí híítà Màmá Theodora fi bàjẹ́ ní Lafiaji.

Àgùdà ni Màmá Theodora. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ni wọ́n ń gbé, àwòrán Màríà wà lókè ilẹ̀kùn pálọ̀. Opó ni. Orúnkún ló ń dà á láàmù. Kó tó lè rìn láàárọ̀, àfi kó jókòó sórí àpótí nínú balùwẹ̀, kó ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú bàsíà, kí wọ́n ṣí omi gbígbóná lé e lórí. Omi tí ò bá ti ta á lára, kì í kà á sí omi. Ẹnu ẹ̀ sì nìyẹn, kí Ọlọ́run má jẹ́ ká kó sí i.

"Ìwọ ni Tìjání rán wá?" Ó wo Sùlè láti orí dé àtàǹpàkò. "Ẹ̀yìnkùlé ni kó o gbà. Bọ́ bàtà ẹ. Kó o sì fọ ẹsẹ̀ yẹn, mi ò mọ ibi tó o ti ń wọ́ ọ bọ̀."

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Ṣé àárọ̀ ni mo ní kó o wá tún ṣe?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn kọ́tìnnì. Bí Sùlè ṣe kọ́kọ́ gbọ́ ohùn Mojísọ́lá nìyẹn.

Mojísọ́lá, ọmọ àbúrò ọkọ Màmá ni. Ìyá àti bàbá ẹ̀ ti kú ní Àgbádárìgì, Màmá ló ní kí wọ́n mú un wá, pé òun máa rán an níwèé. Ìwé tó rán an ò pẹ́. Òun ló ń se oúnjẹ, òun ló ń fọ ilé, òun ló ń gbọ́ èébú.

Balùwẹ̀ yẹn ṣókùnkùn bí inú ìkòkò. Mojísọ́lá ló bá Sùlè tan tọ́ọ̀ṣì. Sùlè ṣí ìdérí híítà, ó sì fọwọ́ kan ohun tó bàjẹ́ nínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Kí nìyẹn?" Mojísọ́lá bi í.

"Tẹmositáàtì ni. Òun ló máa ń gé iná tí omi bá ti gbóná tó. Tí ò bá sí òun, híítà ò ní mọ̀ pé ó ti tó. Ó kàn máa gbóná lọ ni."

"Àṣé òun lọpọlọ ẹ̀."

"Òun lọpọlọ ẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ọ̀kan sẹ́nu Màmá."

Sùlè rẹ́rìn-ín títí sukudíráfà fi bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Màmá pariwo láti pálọ̀: "Ṣé híítà ló ń pa yín lẹ́rìn-ín níbẹ̀ yẹn?"

Wọ́n fọwọ́ bo ẹnu. Mojísọ́lá rẹ tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ó ní: "Tẹ́ ẹ bá ti ṣe é tán, ẹ ò ní wá mọ́ nìyẹn, àbí?"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Tẹmositáàtì tuntun wà lọ́wọ́ Sùlè. Ọ̀gá Tìjání ti rà á ní Ìdúmọ̀tà, ó ṣì wà nínú ọ̀rá ẹ̀. Kó kàn yọ ti àtijọ́, kó fi tuntun sí i, kó máa lọ. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dá tuntun padà sísàlẹ̀ àpò irinṣẹ́ ẹ̀. Ó fi sáńdípépà ha ojú ti àtijọ́ títí tó fi dán, ó sì dá a padà síbi tó wà.

Ó mọ̀ pé kò ní pẹ́ tó tún máa kú. Ohun tó fẹ́ nìyẹn.

Kò sì pẹ́ lóòótọ́. Wọ́n tún pè é. Ó tún ha á. Wọ́n tún pè é.

"Ọmọ híítà ti dé!" Bí Màmá ṣe máa ń kí i nìyẹn. "Ṣé ọgbọ́n lò ń wá kọ́ nílé mi ni? Ọ̀gá ẹ ò kọ́ ẹ?"

"Ẹ má bínú, mà. Omi Èkó yìí ló ń jẹ irin."

"Omi Èkó! Omi Èkó ló bí ẹ ní oko tó o ti wá?"

Kò dùn ún. Ọmọ yẹn ń dúró dè é nínú balùwẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ìyẹn ló ń rò. Nígbà tó yá, Mojísọ́lá ò pè é ní "ẹ" mọ́. Ó ń pè é ní "Sùlè mi". Sùlè fún un ní sukudíráfà, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣí ìdérí, ó fi bọ́tìnnì róbótó tó wà lójú tẹmositáàtì hàn án.

"Yí i síbí, ó máa gbóná sí i. Yí i síbí, ó máa lọ́wọ́ọ́wọ́."

"Jẹ́ n yí i."

Ó di ọwọ́ ẹ̀ mú, wọ́n jọ yí i. Ìgbà yẹn gan-an ni Màmá ti orí bọlé. Ó rí sukudíráfà lọ́wọ́ Mojísọ́lá.

"O ti di ọmọ iṣẹ́ Tìjání?" Ó gbá a létí. "Obìnrin tó ń fọwọ́ kan iná! Lọ gbé ìkòkò rẹ kaná!"

Ẹ fi sukudíráfà yẹn sọ́kàn. Ó máa padà wá.

Màmá ní ọmọkùnrin kan ṣoṣo, Jeremy. Èbúté Apápá ló ti ń ṣiṣẹ́, èèyàn gíga, ó fẹ̀ láyà, ó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbá èèyàn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ híítà sú Màmá, Jeremy gbé mọ́tò wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó sì já Ọ̀gá Tìjání sí kòròfo lójú gbogbo àdúgbò.

"Alhájì, omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ bí ìtọ̀ ọmọ ọwọ́ ni màmá mi fi ń wẹsẹ̀. Ṣé iṣẹ́ lẹ̀ ń ṣe àbí ẹ̀ ń ṣeré?"

Ọ̀gá Tìjání kì í pariwo. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mọ́tò lọ tán, ó pe Sùlè.

"Tuntun ni mo fún ẹ. Ṣé o fi síbẹ̀ àbí o ò fi síbẹ̀?"

"Mo fi síbẹ̀, Ọ̀gá."

"Wojú mi."

"Mo fi síbẹ̀, Ọ̀gá. Wáyà wọn ni ò dáa."

"Ó dáa. Tí wọ́n bá tún wá síbí nítorí híítà yẹn, gbàgbé fúrídọ̀mù. Mi ò ní gbàdúrà fún ẹnikẹ́ni. Wàá kó irin ẹ, wàá padà sí Ìjẹ̀bú."

Ẹ̀rù wá bẹ̀rẹ̀ sí í ba Sùlè gan-an. Ó pinnu: lọ́jọ́ tí òun bá tún débẹ̀, tuntun lòun máa fi sí i, ó parí.

Ọjọ́bọ̀ tó ṣíwájú Àjíǹde ló débẹ̀. Tẹmositáàtì àtijọ́ ti kú pátápátá, ojú ẹ̀ ti yọ́ bí àbẹ́là. Sáńdípépà kankan ò lè jí i mọ́. Ó ti na ọwọ́ sísàlẹ̀ àpò, ó ti fọwọ́ kan ọ̀rá tuntun yẹn.

Mojísọ́lá ní: "Sùlè, wọ́n fẹ́ mú mi lọ. Tí Àjíǹde bá ti kọjá, Bọ̀dá Jeremy ní kí n máa bọ̀ wá bá ìyàwó òun gbọ́mọ. Mi ò mọ ibẹ̀. Ibo ni mo ti máa rí ẹ?"

Ọwọ́ Sùlè dúró nínú àpò.

"Màá mú ìyá mi wá," ó ní. "Wọ̀láì, màá mú un wá. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí, màá padà wá, màá ní iṣẹ́ ò tíì parí. A máa jọ sọ̀rọ̀ bá a ṣe máa ṣe é."

"Wọ́n máa jẹ́ kó o wọlé?"

"Tí iṣẹ́ bá ṣì kù nínú híítà, kò sí bí wọn ò ṣe ní jẹ́ kí n wọlé."

Màmá ti ilẹ̀kùn ṣí: "Ọmọ híítà, ṣé ó máa gbóná lónìí, àbí kí n kúkú tọ̀ sínú bàsíà kí n fi wẹsẹ̀?"

Ẹ ò rí i, ohun tó mú un ṣe é nìyí, ìfẹ́ àti ìbínú ló kó sí i lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dáhùn pé: "Ó máa gbóná, mà. Ẹ̀yin lẹ máa bẹ̀ ẹ́ kó dẹwọ́."

Ó fi tuntun sílẹ̀ sínú àpò. Ó gé wáyà pupa kékeré kan, ó fi so ẹnu méjèèjì tẹmositáàtì tó ti kú yẹn pọ̀, kí iná lè máa kọjá tààrà láìdúró. Gbogbo ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ló mọ̀ ọ́n. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé kò yẹ kéèyàn fi í sílẹ̀ sùn.

"Mojí, gbọ́ mi o. Mo so ó tààrà. Kò ní gé iná fúnra ẹ̀. Ìwọ lo máa gé e. Tó o bá ti tan suwíìsì, ka rósárì ẹ kan tán. Tó o bá ti kà á tán, pa suwíìsì. Má gbàgbé."

"Rósárì kan."

"Ẹyọ kan. Ìwọ ni tẹmositáàtì ẹ̀ títí màá fi dé."

Ó rẹ́rìn-ín. "Èmi, mo ti di irin."

Wọ́n dán an wò. Omi yẹn gbóná débi pé èéfín bo dígí. Màmá ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó ní: "Ẹ̀n-ẹ́n." Kò dúpẹ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Mojísọ́lá tan suwíìsì fún ìwẹ̀ Màmá. Ó ń ka rósárì ẹ̀ lọ. Kò tíì dé ìdajì tí wọ́n fi mú iná lọ. Gbogbo Lafiaji ṣú. Màmá sì kígbe láti kíṣìnnì:

"Ta ló máa họ àgbọn? Àbí ẹ̀mí mímọ́ ló máa sọ̀ kalẹ̀ wá se fréjọ̀n lọ́la?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ àwọn Àgùdà, ẹ mọ̀ pé Jímọ̀ tí Jésù kú, fréjọ̀n ni wọ́n ń jẹ: ẹ̀wà tí wọ́n lọ̀ kúná tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ omi àgbọn. Iṣẹ́ ńlá ni. Mojísọ́lá họ àgbọn, ó rin ín, ó fún un, ó lọ ẹ̀wà. Suwíìsì híítà wà níbi tó wà. Iná ò sí, ta ló máa rántí?

Lọ́jọ́ kejì wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n kúnlẹ̀, láti ibùdó ìyà Jésù kan dé èkejì. Ẹ̀yìn wọn niná ọba dé, kò sẹ́nì kankan nílé. Híítà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò sí ohun tó máa dá a dúró.

Nígbà tí Màmá dé, orúnkún ẹ̀ ti wú. Kò tiẹ̀ bọ́ aṣọ. Mojísọ́lá wà nídìí ìkòkò, ó ń ro fréjọ̀n. Màmá ò dúró dè é. Ó jókòó sórí àpótí, ó ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú bàsíà, ó ṣí ẹ̀rọ omi.

Ohun tó jáde kì í ṣe omi nìkan. Ooru ló kọ́kọ́ tú jáde, lẹ́yìn náà omi tó ń hó.

Sùlè ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Jímọ̀ dé, kò tíì tẹ́ irinṣẹ́, tí mọ́tò Jeremy fi dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù.

"Ọ̀gá ẹ dà?"

"Ó ní òun fẹ́ ra nǹkan ní Ìdúmọ̀tà, sà."

"Wọlé. Mú àpò ẹ." Jeremy kọjú sáwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́: "Tó bá dé, kẹ́ ẹ ní kó wá bá mi nílé Màmá kíá."

Kò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àmọ́ nínú mọ́tò yẹn ni Sùlè ti mọ̀.

Màmá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, nọ́ọ̀sì àdúgbò ti fi báńdéèjì wé ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì, ó ń kérora, ó ń ṣépè. Mojísọ́lá kúnlẹ̀ láàárín pálọ̀. Ojú ẹ̀ kan ti wú pa dé. Bó ṣe rí Sùlè, ẹ ò rí i, ńṣe lojú ẹ̀ kejì tàn.

"Bọ̀dá Jeremy, òun nìyí! Ẹ bi í. Sùlè, sọ fún wọn. Sọ ohun tó o sọ fún mi."

Jeremy wé bẹ́líìtì mọ́ ọwọ́. "Ó ní o sọ pé híítà ò lè gé iná fúnra ẹ̀. Pé ìwọ lo so ó bẹ́ẹ̀."

Sùlè wo bẹ́líìtì. Ó rántí aṣọ inú àpótí ìyá ẹ̀. Ó rántí ojú Ọ̀gá Tìjání.

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, sà. Ibẹ̀ ṣókùnkùn. Kẹ́nì kan bá mi tan tọ́ọ̀ṣì."

"Ìwọ, dìde," Jeremy sọ fún Mojísọ́lá. "Lọ tan iná fún un."

Wọ́n wọ balùwẹ̀. Ilẹ̀ ṣì tutù, bàsíà dojú dé. Mojísọ́lá tan tọ́ọ̀ṣì síbi tó mọ̀ pé Sùlè máa ń fẹ́ kó tàn án sí.

"Mo mọ̀ pé o máa wá," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Wọ́n ní mo fẹ́ pa Màmá. Mo ní kí wọ́n dúró dè ẹ́."

Sùlè mú sukudíráfà. Ó ṣí ìdérí. Ó tú tẹmositáàtì àtijọ́ tòun ti wáyà pupa ara ẹ̀, ó jù ú sínú àpò. Ó na ọwọ́ sísàlẹ̀ pátápátá. Ọ̀rá pariwo wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

"Kí nìyẹn?"

"Tuntun."

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n kó o tó tún un ṣe, ṣé o ò ní jẹ́ kí wọ́n rí wáyà yẹn ná?"

"Màá sọ fún wọn. Gbé iná sókè díẹ̀."

Ó gbé e sókè. Látìgbà tí Sùlè ti ń wá sílé yẹn, kò sígbà kan tó ṣe iṣẹ́ tó dáa tó ti ọjọ́ yẹn. Ó di gbogbo sukúrúù. Ohun tó yẹ kó ti ṣe látọjọ́ àkọ́kọ́, ó ṣe é. Ó wá fi sukudíráfà yí bọ́tìnnì róbótó yẹn lọ sókè, títí dé ibi tó lè dé.

Mojísọ́lá rí i. Kò lóye ẹ̀. Ó rò pé ara àtúnṣe ni.

"Ẹ̀n-ẹ́n?" Jeremy dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Híítà ò ṣe nǹkan kan, sà," Sùlè ní. "Ó ń gé iná fúnra ẹ̀ dáadáa. Ẹnì kan ló ṣí i, tó yí i lọ sókè. Ẹ wò ó, sà. Ibi tí mo bá a nìyí."

Ohùn Màmá ló kọ́kọ́ jáde láti yàrá:

"Mo wí àbí mi ò wí! Mo ká sukudíráfà mọ́ ọn lọ́wọ́! Ejò ni mo ń fún lóúnjẹ!"

"Sùlè," Mojísọ́lá pè é. "Sùlè, rósárì ńkọ́?"

"Rósárì wo?" Jeremy bi í.

"Ó ní kí n ka rósárì kan tán, kí n tó pa suwíìsì."

Jeremy wo Sùlè, ó wo fìlà Jímọ̀ orí ẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Mùsùlùmí ló ní kó o ka rósárì? Mojísọ́lá, o ò tiẹ̀ mọ irọ́ pa." Ẹ̀rín yẹn kúrò lójú ẹ̀ bó ṣe dé. "Ṣé o sọ bẹ́ẹ̀?"

"Rárá, sà."

"Búra."

Yẹ̀pẹ̀ orí ẹní mọ́ṣáláṣí ṣì wà níwájú orí ẹ̀. "Wọ̀láì, mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Tan án, ká rí i."

Sùlè dá bọ́tìnnì padà sáàárín, ó tan suwíìsì. Gbogbo wọn dúró. Omi ń gbóná lọ. Tó bá jẹ́ pé Ọlọ́run fẹ́ gba Mojísọ́lá sílẹ̀, ṣebí ó yẹ kí irin tuntun yẹn kọ̀. Kò kọ̀. Nígbà tó tó, wọ́n gbọ́ ọ nínú híítà: kẹ́. Iná pupa kékeré tó wà lára ẹ̀ kú.

"Ẹ wò ó, sà. Ó ti gé e."

Jeremy ò tún béèrè nǹkan kan. Ó di ọrùn ọwọ́ òsì Mojísọ́lá mú, ó fà á dé ìdí ẹ̀rọ omi. "Wá, kíwọ náà mọ bó ṣe rí lára."

"Bọ̀dá Jeremy, ẹ jọ̀ọ́! Sùlè! Sùlè, sọ fún wọn!"

Sùlè wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù kó sọ. Kò pọ̀, kò gùn, "èmi ni" lásán. Ó ń wo táìlì ilẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ti là. Ó ń wo ibi tó là yẹn títí igbe fi jáde, ó sì ń wò ó títí igbe fi dákẹ́.

Ohùn Ọ̀gá Tìjání ni wọ́n gbọ́ lẹ́yìnkùlé. Ó ń bọ́ bàtà.

Ó wọlé, ó rí Mojísọ́lá nílẹ̀ tó di ọwọ́ mọ́ àyà. Jeremy sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ti parí, ọmọ yẹn ló yí híítà sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ jẹ́ kémi náà fojú kàn án."

Ó ṣí ìdérí. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Sùlè, ìgbà wo lo fi tẹmositáàtì yìí síbí?"

"Ọjọ́ àkọ́kọ́, Ọ̀gá."

"Ọjọ́ àkọ́kọ́." Ọ̀gá fi ìka nu ìdérí, ìka ẹ̀ pọ́n fún ìpẹtà. "Omi tó ń jẹ gbogbo irin ilé yìí, tó jẹ ìdérí, tó jẹ sukúrúù, òun ni ò fọwọ́ kan eléyìí? Ó ń dán bí ìgbà tí mo rà á."

"Ọ̀gá..."

"Mú àpò ẹ wá."

Sùlè gbá àpò mọ́ra bí ọmọ tuntun. Ọ̀gá Tìjání gbà á, ó da gbogbo ẹ̀ sórí táìlì. Ọ̀rá tó ṣófo ló kọ́kọ́ bọ́. Lẹ́yìn náà tẹmositáàtì àtijọ́, ojú ẹ̀ ti yọ́, ó dúdú, wáyà pupa ṣì wà lẹ́nu ẹ̀.

"Ohun tó wà níbẹ̀ títí di òní nìyí, sà," Ọ̀gá sọ fún Jeremy. "Ó so ó tààrà. Ọmọ yìí ò purọ́ fún yín."

Jeremy wo irin. Ó wo ọwọ́ Mojísọ́lá tó ti ń lé ròrò.

"Kí ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀?" Màmá pariwo.

"Ọmọ híítà ni, Màmá. Kì í ṣe Mojísọ́lá."

"Ó yẹ kó ti pa suwíìsì yẹn," Màmá dáhùn. "Ẹ ní kó lọ wo fréjọ̀n. Mò ń gbọ́ òórùn, ó ń jóná."

Mojísọ́lá ò dìde. Ó fi ọwọ́ tó dáa mú irin dúdú yẹn nílẹ̀, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, bí ẹni tó fẹ́ rà á.

"Èmi ni mo tan tọ́ọ̀ṣì fún ẹ," ó sọ fún Sùlè. Ohun tó sọ ò ju ìyẹn lọ.

Bẹ́líìtì Jeremy ló tẹ̀ lé e, lára Sùlè. Ọ̀gá Tìjání ò gbà á sílẹ̀. Ó kàn ní: "Ẹ má pa á mọ́ ara yín lọ́wọ́." Ó kó àwọn irinṣẹ́ tó jẹ́ tiẹ̀ nínú ohun tó dà sílẹ̀, ó sì ti ẹ̀yìnkùlé jáde. Sùlè sá gba ọ̀nà kan náà, láìwọ bàtà. Bàtà ẹ̀ wà níbẹ̀ dòní.

Jeremy ti fi orúkọ ẹ̀ lọ àwọn ọlọ́pàá. Kò dé Ìsàlẹ̀ Èkó mọ́. Ibi tó ń sùn lónìí kọ́ ló máa sùn lọ́la. Àbúrò ẹ̀ ni ìyá ẹ̀ rán aṣọ yẹn fún.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń kọ́ṣẹ́, ẹ̀rù ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ ẹ̀. Ẹ̀rù kì í jẹ́ kéèyàn rí nǹkan méjì. Ara ẹ̀ nìkan ni Sùlè rí lọ́jọ́ yẹn, ọmọ tó ń tan iná fún un wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Sùlè lọ wo Mojísọ́lá lẹ́ẹ̀kan ní ọsibítù. Ó fi fìlà bojú, ó bá àwọn tó ń gbé oúnjẹ wá fún aláìsàn wọlé. Mojísọ́lá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó kọjú sí fèrèsé. Ìka méjì nínú ọwọ́ òsì ẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra wọn. Dókítà ní bóyá wọ́n máa là wọ́n, bóyá wọn ò ní lè là wọ́n.

Sùlè kúnlẹ̀. Ó fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Mojísọ́lá ò jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀.

"Ṣé ó ṣì ń ṣiṣẹ́?"

"Kí ni?"

"Híítà."

"Wọ́n ní ó ń ṣiṣẹ́."

"Tí omi bá gbóná tó, ṣé ó ń gé e fúnra ẹ̀?"

"Ó ń gé e."

"Ó dáa," Mojísọ́lá ní. "Wọn ò nílò èmi níbẹ̀ mọ́ nìyẹn."

Ó dùbúlẹ̀, ó sì yí ojú sí ògiri.